Bí Ọkọ̀ Ẹlẹ́ńjìnnì Bá Ń Gba Omi Létí Odò Ògùn: Wíwá Ojú Ihò àti Dídí I

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan nínú oṣù kẹwàá, mo sọ̀ kalẹ̀ sétí odò lápá Láfẹ́nwá ní Abẹ́òkúta, mo bá ọkọ̀ mi tó jókòó sínú omi bí adìyẹ tó ń sàba. Ìdí rẹ̀ ti rì wọlẹ̀, orí rẹ̀ ga sókè, omi inú rẹ̀ sì mù mí dé kókósẹ̀. Mo gbọ́n ọn tán. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, ó tún ti kún. Mo ra rísìn, oje tó máa ń le tí a fi ń ṣe ọkọ̀ fáíbà, mo fi lẹ ilẹ̀ inú ọkọ̀ níbi tí omi máa ń dárogún sí. Omi kò dáwọ́ dúró. Mo ra òmíràn, mo lẹ ẹ́ nípọn ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti náwó bẹ́ẹ̀ kí bàbá apẹja kan tó ń tún àwọ̀n rẹ̀ ṣe nítòsí tó pè mí, tó ní, "Ọmọ mi, ibi tí omi dúró sí lò ń wò. Ibi tó gbà wọlé ni kó o wá."

Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo fẹ́ tú palẹ̀ níbí. Ibi tó rẹlẹ̀ jù ni omi máa ń ṣàn lọ. Nínú ọkọ̀ tí a so mọ́ èèkàn, tí ẹ́ńjìnnì sì wúwo ní ìdí rẹ̀, ìdí náà ni omi yóò lọ jọ sí, ì báà jẹ́ orí ọkọ̀ ló ti wọlé. Ẹni tó bá mú rísìn kó tó mọ ẹnu ọ̀nà omi yóò fowó ṣòfò, ó sì lè bo ojú ihò gan-an mọ́lẹ̀ débi tí kò ní rí i mọ́.

Ọkọ̀ fáíbà kékeré ni tèmi, ẹsẹ̀ bàtà 16, ẹ́ńjìnnì agbára ẹṣin 40 sì wà lẹ́yìn ìdí rẹ̀. Bí tiyín bá jẹ́ onígi tàbí onípánù, ọ̀pọ̀ nínú ohun tí mo fẹ́ sọ ṣì kàn yín. Màá mẹ́nu ba ibi tó ti yàtọ̀.

Kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun

Ẹ gbóòórùn inú ọkọ̀ ná. Pẹtiróòlù tó bá dà sílẹ̀ máa ń léfòó lójú omi, èéfín rẹ̀ sì wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, nítorí náà ìsàlẹ̀ ọkọ̀ ló máa ń sá pamọ́ sí. Bí ẹ bá gbọ́ òórùn rẹ̀, ẹ má tan pọ́ńpù tó ń tu omi inú ọkọ̀ síta, ẹ má fọwọ́ kan swíìṣì kankan, kí ẹnikẹ́ni má sì mu sìgá nítòsí. Ẹ ṣí gbogbo ìdérí kí atẹ́gùn wọlé, kí ẹ wá fi ike gbọ́n omi náà. Ẹ wọ ẹ̀wù ìléfòó, kódà bí odò bá dákẹ́ rọ́rọ́.

Omi tí epo bá wà lójú rẹ̀, ẹ má dà á sódò. Odò Ògùn yìí ni wọ́n ti ń fa omi tí ìlú ń mu ní Arákàńgà, àwọn èèyàn sì ń wẹ̀, wọ́n ń fọṣọ lẹ́bàá rẹ̀. Ẹ fi àkísà fa epo náà kúrò kí ẹ tó gbọ́n ìyókù.

Omi wo ló ń wọlé?

Àwọn tó so ọkọ̀ wọn sétí òkun lè fi ahọ́n tọ́ omi náà wò. Bó bá níyọ̀, òkun ni. Bí kò bá níyọ̀, òjò ni. Odò wa kò níyọ̀, òjò kò níyọ̀, ahọ́n kò lè ràn wá lọ́wọ́ ní Abẹ́òkúta. Tapólì ni tiwa. Ẹ gbọ́n omi inú ọkọ̀ tán, ẹ fi fóòmù nù ún títí yóò fi gbẹ, ẹ pa pọ́ńpù, kí ẹ wá fi tapólì bò ó dáadáa. Ẹ fi í sílẹ̀ fún wákàtí 24. Bí omi bá wà nínú rẹ̀ lọ́jọ́ kejì, odò ló wọlé. Bó bá gbẹ, ẹ ṣí i, kí ẹ fi korobá da omi sórí rẹ̀ níbi kan lẹ́ẹ̀kan: etí ọkọ̀ yíká, ìdí dígí iwájú, ìdí gbogbo irin tí a fi sìkúrù dè sórí rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ẹnì kan máa fi tọ́ọ̀ṣì wo inú. Ibi tó bá ti kán sílẹ̀, ẹ sàmì sí i.

Ẹ má fojú kéré òjò. Bí inú ọkọ̀ tí òjò ń rọ̀ sí bá tó skúẹ̀ mítà 7, òjò mílímítà 50 kan ṣoṣo yóò da lítà 350 sínú rẹ̀, ìyẹn kílò 350. Ọkọ̀ tí kò ní ihò kankan lè rì báyẹn, pàápàá bí ìdí rẹ̀ bá rẹlẹ̀.

Ohun méjì míì wà tó dà bí jíjò tí kì í ṣe jíjò. Èkíní ni hóòsì pọ́ńpù. Bí ẹnu tó fi ń tu omi síta bá súnmọ́ ojú odò jù, tí èèyàn méjì bá jókòó sídìí ọkọ̀, ẹnu náà yóò wọnú omi, odò yóò sì máa gba inú hóòsì padà wọlé lẹ́yìn tí pọ́ńpù bá ti dákẹ́. Ẹ gbé ẹnu náà sókè, kí ẹ sì ká hóòsì ga nínú ọkọ̀ kó tó sọ̀ kalẹ̀ síbẹ̀. Àwọn kan máa ń fi fáàfù tí kì í jẹ́ kí omi padà sí i. Mi ò gbára lé e, nítorí pé ewé tàbí pàǹtí kékeré kan tó láti mú kí ẹnu rẹ̀ wà ní ṣíṣí.

Èkejì ni okùn. Dáàmù Ọ̀yán, tí wọ́n ṣí ní ọdún 1983, wà lórí Odò Ọ̀yán, odò yẹn ló sì ń wá dà sínú Ògùn. Bí wọ́n bá tú omi sílẹ̀ níbẹ̀ lákòókò òjò, odò lè ga sí i láìjẹ́ pé òjò rọ̀ ní ìlú. Ọkọ̀ tí a fi okùn kúkúrú so mọ́ gbòǹgbò nísàlẹ̀ kò ní lè gòkè bá odò, okùn yóò fa orí rẹ̀ wọlẹ̀, omi yóò sì gba etí rẹ̀ wọlé. Láti oṣù keje títí di oṣù kọkànlá, mo máa ń so tèmi mọ́ ibi gíga, mo sì máa ń fi okùn sílẹ̀ tó gùn dáadáa.

Ẹ wọn ọ́n

Bó bá ti dájú pé odò ló ń wọlé, ẹ mọ iye tó ń wọlé. Ẹ pa pọ́ńpù, ẹ wo aago, kí ẹ sì fi kẹ́ẹ̀gì tí ẹ mọ ìwọ̀n rẹ̀ ka ohun tí ẹ gbọ́n lẹ́yìn wákàtí mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Lítà kan ní wákàtí kan lè dà bí ohun tí kò tó nǹkan, ṣùgbọ́n lítà 24 ni lójúmọ́, ó sì di 168 láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ihò tó fẹ̀ tó íǹṣì kan, tó sì wà ní sẹ̀ǹtímítà 30 nísàlẹ̀ omi, yóò gba omi tó lé ní lítà 40 wọlé láàárín ìṣẹ́jú kan, bíi kẹ́ẹ̀gì onílítà 20 méjì. Nítorí náà iye yẹn ń sọ irú ihò tí ẹ ń wá fún yín. Bó bá jẹ́ lítà díẹ̀ lójúmọ́, ojú sìkúrù ni ẹ máa wò, kì í ṣe abẹ́ ọkọ̀ tó fọ́.

Ẹ tún wọn ọ́n nígbà tí ẹnì kan bá jókòó sídìí ọkọ̀. Bó bá pọ̀ sí i, ihò náà wà lọ́wọ́ ìdí, nítòsí ojú omi. Bó bá jẹ́ pé ìgbà tí ẹ bá ń rìn nìkan ló ń jò, ibi tí omi ń ta sí tàbí ibi tí ẹ́ńjìnnì ti ń gbọn pátákó ìdí, ìyẹn ògiri ẹ̀yìn ọkọ̀ tí a de ẹ́ńjìnnì mọ́, ni kí ẹ lọ wò.

Mo bẹ̀ yín, ẹ má jẹ́ kí pọ́ńpù tó ń ṣiṣẹ́ fúnra rẹ̀ tàn yín. Ó ń tu omi lóru, ẹ ò rí i, ẹ rò pé ara ọkọ̀ yá. Lọ́jọ́ tí bátìrì bá kú, ìsàlẹ̀ odò lẹ máa ti lọ wá a.

Àtíkè àti amọ̀

Ọ̀nà tí mo fẹ́ràn jù nìyí, kò sì náni ní nǹkankan. Kí ọkọ̀ wà lórí omi, kí inú rẹ̀ gbẹ pátápátá. Ẹ gbé pátákó ilẹ̀ rẹ̀ kúrò bó bá ṣeé gbé. Ẹ wá bu àtíkè, irú èyí tí a fi ń pa ọmọ lára, ẹ fọ́n ọn fẹ́ẹ́rẹ́ sí ìsàlẹ̀ inú ọkọ̀ láti orí dé ìdí, àti sí ẹ̀gbẹ́ inú pátákó ìdí. Omi tó bá wọlé yóò fa ilà sínú àtíkè náà. Ẹ tọ ilà yẹn padà sẹ́yìn, ẹ ó dé ẹnu ọ̀nà. Kò gbọdọ̀ ju ìṣẹ́jú 20 lọ kí ẹ tó kọ́kọ́ wò ó, nítorí pé bí omi bá ti pọ̀, ó ti fọ ilà ara rẹ̀ nù.

Bí ilà bá dàrú, ẹ lo amọ̀. Ẹ pò ó kó le díẹ̀, ẹ fi mọ ògiri kékeré bíi ìka méjì gíga kọjá ìsàlẹ̀ inú ọkọ̀, ọ̀kan nítòsí orí, ọ̀kan ní àárín, ọ̀kan ṣíwájú ìdí. Yàrá mẹ́rin lẹ dá yẹn. Ẹ fi wọ́n sílẹ̀ fún wákàtí méjì. Yàrá tó bá lómi ni ihò wà. Ìgbà tí mo ṣe èyí, gbogbo yàrá iwájú gbẹ táútáú. Ti ìdí nìkan ló lómi.

Ibi tí ó yẹ kí ojú kọ́kọ́ lọ

Ìdí ọkọ̀ ni. Níbẹ̀ ni kọ́ọ̀kì wà, èyí tí a máa ń tú kí omi lè jáde nígbà tí ọkọ̀ bá wà lórí ilẹ̀. Gbogbo èèyàn máa ń wo kọ́ọ̀kì fúnra rẹ̀, wọ́n á yí i le, wọ́n á pààrọ̀ rọ́bà rẹ̀. Ó dára bẹ́ẹ̀, rọ́bà a máa gbẹ, a sì máa là. Ṣùgbọ́n ẹ wo òrùka irin tí kọ́ọ̀kì náà ń wọ̀ sínú rẹ̀. Sìkúrù ni wọ́n fi dè é mọ́ pátákó ìdí, gọ́ọ̀mù tó wà lẹ́yìn rẹ̀ sì máa ń kú lẹ́yìn ọdún díẹ̀. Omi yóò gba ẹ̀yìn òrùka, yóò gba ojú sìkúrù, kọ́ọ̀kì yóò sì le dáadáa ní gbogbo àkókò yẹn. Ibẹ̀ gan-an ni tèmi ti ń jò.

Lẹ́yìn èyí, ẹ wo bóòtù tó de ẹ́ńjìnnì mọ́ ìdí ọkọ̀. Igi wà láàárín fáíbà pátákó ìdí ọ̀pọ̀ ọkọ̀ wa, bí omi bá sì gba ojú bóòtù dé ibẹ̀, igi náà yóò máa jẹrà láìsí pé ẹnikẹ́ni rí i. Ẹ fi ìdí sìkúrùdírẹ́fà máa kan pátákó náà díẹ̀díẹ̀ yíká. Ibi tó bá dún gbọngbọn lára dá. Ibi tó bá dún bòhùbòhù, bí ìgbà tí a ń kan iṣu tó ti rà, omi ti wà nínú rẹ̀. Bí ibi tó ń dún bẹ́ẹ̀ bá fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, ẹ má fi ẹ́ńjìnnì yẹn sáré mọ́ kí ẹni tó mọ iṣẹ́ tó wò ó, nítorí pé ẹ́ńjìnnì lè já lọ lórí omi.

Ẹ wo gbogbo hóòsì tó kọjá ara ọkọ̀ síta. Kílíìpù tó bá dípẹtà, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ sí aláìdípẹtà, kí ẹ fi méjì síbi tó bá wà lábẹ́ ojú omi. Ẹ wo irin ìfà tó wà ní imú ọkọ̀. Ọkọ̀ onípánù, ẹ wo orí ríbẹ́ẹ̀tì, ìyẹn ìṣó tó so pánù pọ̀, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ti onígi, bó bá ti pẹ́ lórí ilẹ̀ nínú ẹ̀ẹ̀rún, pákó ti sún kì, yóò jò fún ọjọ́ díẹ̀ kí ó tó wú padà. Ẹ fún un láyè kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi òwú dí i.

Abẹ́ ọkọ̀ ni ó kẹ́yìn. Orúkọ ìlú wa ti sọ ìdí tí ó fi yẹ kí a wò ó. Nígbà ẹ̀ẹ̀rún, odò a fà, ọkọ̀ tó ń léfòó nínú oṣù kẹsàn-án a jókòó lórí àpáta nínú oṣù kejì, gbogbo ìgbà tí omi bá sì mì ni àpáta yóò máa ha ojú kan náà lára rẹ̀. Ilà àárín abẹ́ ọkọ̀ ló máa ń kọ́kọ́ jẹ tán.

Gbígbé e sórí ilẹ̀

Èèyàn mẹ́fà tàbí méje ló yẹ kó gbé e lẹ́yìn tí ẹ bá ti tú ẹ́ńjìnnì kúrò. Ẹ gbé e lé táyà àtijọ́ ní ibi mẹ́rin ó kéré tán, kí ìdí rẹ̀ rẹlẹ̀ díẹ̀. Ẹ nu ìta rẹ̀ gbẹ. Kí ẹ wá da omi sí inú rẹ̀, kó má ju ìwọ̀n ìka mẹ́rin lọ níbi tó jìn jù, nítorí pé a kò ṣe ọkọ̀ láti gbé omi sínú. Bí ẹ bá kún un, ìwúwo omi náà lè là á. Ẹ po búlúù tí a fi ń fọ aṣọ funfun mọ́ omi náà kí ó lè hàn lójú. Ilé aláró ni wọ́n ti tọ́ mi nítòsí Ìtòkú, ohun tó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn ni láti bu omi aró láti inú ìkòkò. Ẹ má ṣe é: sódà tó wà nínú rẹ̀ yóò jẹ ojú fáíbà, yóò sì jẹ pánù ju bẹ́ẹ̀ lọ. Búlúù tó.

Ẹ jókòó sábẹ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ẹ ní sùúrù. Ihò ńlá yóò hàn lójú ẹsẹ̀, ti ojú sìkúrù lè gba wákàtí kan. Ibi tí àwọ̀ búlúù bá ti yọ, ẹ fi ẹfun sàmì sí i.

Dídí i

Òrùka kọ́ọ̀kì: ẹ tú sìkúrù rẹ̀, ẹ yọ ọ́, ẹ ha gọ́ọ̀mù àtijọ́ kúrò pátápátá lójú méjèèjì. Ẹ fi asitóònù nù ún, èyí tí àwọn tó ń kun èékánná máa ń lò. Ẹ fi ṣóńṣó sìkúrùdírẹ́fà tọ́ igi inú ihò náà wò. Bó bá tutù, ẹ jẹ́ kó gbẹ dáadáa, ọjọ́ mélòó kan nínú ọyẹ́ máa ń tó. Lẹ́yìn náà ẹ fi epoxy, gọ́ọ̀mù alápá méjì tí a ń pò pọ̀ kó tó le, pa ojú igi náà nínú ihò, kí omi má baà tún rí i jẹ. Nígbà tó bá le, ẹ fi gọ́ọ̀mù ọkọ̀ ojú omi, irú Sikaflex, sẹ́yìn òrùka àti sí ojú sìkúrù kọ̀ọ̀kan. Ẹ yí sìkúrù títí gọ́ọ̀mù yóò fi yọ yíká, kí ẹ dúró níbẹ̀. Bí ẹ bá yí i le jù, gbogbo gọ́ọ̀mù náà ni yóò sá jáde, kò ní ku nǹkan tí yóò dí omi. Ẹ fún un ní ọjọ́ mẹ́ta kí ẹ tó yí i le tán, kó sì tó ọ̀sẹ̀ kan kí ó tó padà sínú omi. Nínú àwọn ọjà wa mi ò máa rí irú gọ́ọ̀mù yìí déédéé, Èkó ni mo máa ń ránṣẹ́ sí.

Bóòtù ẹ́ńjìnnì: yíyí i le kì í ṣe àtúnṣe. Ẹ yọ ọ́, ẹ fi dírìlì ńlá fẹ ẹnu ihò níta díẹ̀ bí ẹnu àdó, kí gọ́ọ̀mù lè rí ibi jókòó bí òrùka. Ẹ pa ojú igi ní epoxy bíi ti òkè yìí. Nígbà tí ẹ bá ń dè é padà, ẹ di orí bóòtù mú níta kó má yí, kí ẹ máa yí nọ́ọ̀tì nínú. Bí orí bá yí, gọ́ọ̀mù yóò já.

Abẹ́ ọkọ̀ tó là: ó gbọ́dọ̀ gbẹ kú kú kú. Láàárín oṣù kejìlá sí oṣù kejì ni mo máa ń ṣe irú èyí, ṣùgbọ́n ẹ nu eruku ọyẹ́ kúrò kí ẹ tó da rísìn. Ẹ fi sánpépà tàbí ẹ̀rọ ha ojú ibẹ̀ kó rọ̀ wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀ láti etí dé àárín. Ìwọ̀n rẹ̀ ni ìlọ́po 12: bí ara ọkọ̀ bá nípọn tó mílímítà 6, ẹ ha sẹ̀ǹtímítà 7 yíká ojú ibi tó là. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń fò nìyí, òun ló sì fà á tí ohun tí wọ́n lẹ fi máa ń ṣí bí èèpo. Epoxy di ara fáíbà àtijọ́ mú ju rísìn lásán lọ, bí owó bá ká a. Ẹ tẹ́ màátì, ìyẹn aṣọ fáíbà tí a ń fi rísìn tàbí epoxy rẹ, léra wọn, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì tẹ atẹ́gùn kúrò nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Tó bá jẹ́ rísìn lásán lẹ lò, ẹ gbọ́ èyí dáadáa. Ní ọ̀pọ̀ ibi, ike mẹ́ta ni wọ́n máa ń tà fún wa: rísìn, kóbáàtì tó ń mú kó tètè le, àti kátálíìsì tó ń mú kó bẹ̀rẹ̀ sí í le. Ẹ po kóbáàtì mọ́ rísìn ná títí yóò fi wọ̀ ọ́ tán. Ìgbà yẹn ni kátálíìsì tó wọlé, mílílítà 10 sí 20 fún lítà rísìn kan, kó súnmọ́ 10 bí oòrùn bá mú. Kóbáàtì àti kátálíìsì kò gbọ́dọ̀ fojú kojú láìsí rísìn láàárín wọn, wọ́n lè bú gbàmù. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ àti awò ojú. Kátálíìsì tó bá ta séèyàn lójú lè fọ́ ojú náà.

Ohun méjì tí mi ò ní fi sábẹ́ ojú omi láéláé: sílíkọ́ọ̀nù tí a fi ń dí etí fèrèsé, nítorí pé ó máa ń ṣí, kò sì ní jẹ́ kí ohun míì lẹ̀ síbẹ̀ mọ́, àti fílà, lẹ́ẹ̀ tí àwọn pánẹ́bítà fi ń dí ara mọ́tò, nítorí pé ó máa ń mu omi.

Bó bá jẹ́ pé orí omi ló bá yín

Ẹ kó àwọn èèyàn lọ sí apá tó jìnnà sí ihò náà, kí ihò lè gòkè bó bá ṣeé ṣe. Ẹ fi àkísà kì í, kí ẹ sì forí lé etí odò tó súnmọ́ jù. Mo máa ń gbé igi rírọ̀ tí a gbẹ́ bí ṣóńṣó, oríṣi ìwọ̀n mẹ́ta, pẹ̀lú òòlù kékeré. Ẹ gbá a wọ ihò, omi yóò mú un wú, yóò sì há síbẹ̀. Epoxy alámọ̀ tún wà, tó máa ń le nínú omi. Ó lè gbé yín délé, kó sì ṣọ́ ọkọ̀ fún ọjọ́ díẹ̀.

Nígbà tó bá padà sínú omi

Ẹ tún fọ́n àtíkè. Ẹ wò ó lẹ́yìn ìṣẹ́jú 20, lẹ́yìn wákàtí kan, àti ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, kí pọ́ńpù wà ní pípa ní gbogbo àkókò yẹn. Ẹ jẹ́ kí ẹnì kan jókòó sídìí, ẹ tún wò ó. Ìgbà tí mo tún òrùka kọ́ọ̀kì ṣe tán, mo jí lọ sétí odò kí ilẹ̀ tó mọ́, mo tan tọ́ọ̀ṣì sí ìdí ọkọ̀. Àtíkè náà ṣì funfun, ipasẹ̀ aláǹgbá kan nìkan ló wà lórí rẹ̀. Mo kọ déètì ọjọ́ náà sí inú pátákó ìdí, mo sì kọ "lítà 0" sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Gbogbo ìgbà tí mo bá tún wọn ọ́n báyìí, ibẹ̀ ni mo ń kọ ọ́ sí.